Aṣọ Búlúù Inú Orin Kejìlá

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ, ẹ kú àmójútó ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ara le? Ṣé etí kò dùn yín mọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò dùn yín rí, pé kò kàn gbọ́ràn ni. Èmi náà wà dáadáa. Yàrá ìránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Kò ní fèrèsé kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń pariwo bíi tiwa nínú wọn.

Bàbá, iṣẹ́ ńlá ti dé. Gbajúgbajà olórin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àdàbà fẹ́ gbé àwo orin tuntun jáde, àwa la ó sì rán gbogbo aṣọ inú rẹ̀. Kì í ṣe àwo orin tí a kàn ń gbọ́ lásán. Orin méjìlá ni, fíìmù méjìlá ló sì bá a rìn, ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń sọ. Obìnrin kan, tí Àdàbà fúnra rẹ̀ ń ṣe, padà sí ilé tí wọ́n bí i sí. Yàrá méjìlá ló wà nínú ilé náà, orin kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Láti yàrá dé yàrá ló ń wá aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kú, inú orin kejìlá ló ti máa rí i.

Aṣọ ìyá yẹn ni ọ̀gá wa fà lé mi lọ́wọ́. Àwọn tó ń ya àwòrán aṣọ ti ya mẹ́rìnlá, Àdàbà kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ó dà bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni gáùn búlúù Màmá sọ sí mi lọ́kàn, èyí tó ní kọ́là funfun, tí àpò rẹ̀ wà lápá òsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó rán. Bí mo bá ṣe gbà á ni màá ṣe dá a padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ ń dá mi lóhùn pé ẹ ti jẹun. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Inú mi dùn pé ara rẹ le, pé o sì rántí pé o ní bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ lo wá béèrè. O kú iṣẹ́. Kí ló wá dé tí olórin tí gbogbo ayé mọ̀ kò fi ní ìyá tirẹ̀ tó ní aṣọ?

Rárá ni mo kọ́kọ́ sọ. Mo sọ ọ́ sókè débi pé onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi sáré wọlé, ó rò pé mo ń bá oníbàárà jà. Aṣọ yẹn ni mo kọ́kọ́ rán fún ìyá rẹ, kí ó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ṣì wà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá mi fi àpò òsì yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ó ní mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kò mọ̀ pé mo ti ń wo ọmọbìnrin náà láti ojú fèrèsé, mo sì ti rí i pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìyá rẹ fi júwe tirẹ̀ fún mi, mo sì débẹ̀ láìṣìnà.

Apá òsì aṣọ náà wọ́ díẹ̀ léjìká, torí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ tí mo rán an. Má ṣe tún un ṣe. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ náà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí o fi ìṣó ara ilẹ̀kùn fà á ya, tí o gbé e wọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ, tí o fi òwú dúdú rán an kí ìyá rẹ má baà mọ̀. Òwú dúdú, lára aṣọ búlúù. Mo fẹ́ tú u kí n tún un rán, ìyá rẹ ní ẹni tó bá tú u yóò rí pupa ojú òun.

Mo ti dì í sínú páálí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, sísọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ kàn án. Kí ó padà kí ó tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje. O mọ̀ pé ọjọ́ tí ìyá rẹ kú ni mo máa ń gbé e kọ́ sójú fèrèsé kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́, o kò ní sùúrù nígbà náà. Rọra ṣe é.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Páálí dé láyọ̀. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ṣọ́ọ̀bù yín ló kọ́kọ́ jáde, epo ẹ̀rọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì ìlàṣọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ ìdí tí mo fi jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán èkejì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo rẹ aṣọ náà láró kí búlúù rẹ̀ tó jọ ti aṣọ Màmá tó ti ń ṣá. Gbogbo àṣìṣe yín ni mo dà kọ, ẹ má bínú. Apá òsì yẹn ló le jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí ọwọ́ yín ṣe gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ìṣẹ́tí tí mo rí òwú dúdú mi, ẹ̀rín pa mí. Ẹ wo bí mo ṣe rán an, bí ìgbà tí adìyẹ ń tan ilẹ̀.

Àdàbà fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Mo rò pé èèyàn gíga ni, kò ga rárá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà, ó bi mí ìdí tí àpò fi wà lápá òsì. Mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò mọ ọwọ́ tí ìyá òun ń lò, torí pé ìkókó ni òun nígbà tó kú, kò sì sẹ́ni tó ronú láti sọ fún òun. Ó ní ṣé òun lè ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ Màmá lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà fún un. Kò wọ̀ ọ́, Bàbá, ọwọ́ nìkan ló tì bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn nínú fíìmù náà.

Wọ́n ní ká tọwọ́ bọ̀wé pé a kò ní sọ bí ìtàn náà ṣe parí fún ẹnikẹ́ni títí àwo orin yóò fi jáde. Mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mo ń fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Aṣọ Màmá yóò ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí wọn yóò fi yàwòrán tán, kí n lè máa wò ó bí nǹkan bá ṣe èyí tí mo rán.

Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin

Abẹ́rẹ́,

O ṣeun fún lẹ́tà. Kí ni ìtàn náà jẹ́ tí èèyàn kò lè sọ ìparí rẹ̀ fún bàbá tó bí i? Èmi tí mo gbọ́ gbogbo àṣírí tí àwọn ìyàwó ilé ń sọ nígbà tí mo bá ń wọ̀n wọ́n láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ta ni mo sọ ọ̀kankan fún?

Etí ọ̀tún ti kú pátápátá. Ọwọ́ ni onígbàjámọ̀ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, nígbà tí abẹ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà á máa sá sẹ́yìn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti gbọ́ orin tó yé mi kẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi orin sí i, bí ẹni ń lọ ata lókèèrè ló ń rí létí mi. Àwọn èèyàn wá ń bi mí nípa Àdàbà rẹ bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ni.

Fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún. Ìtìjú ni kí bàbá Abẹ́rẹ́ máa wá abẹ́rẹ́ kiri. Má sì gbàgbé ọjọ́ kẹsàn-án.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n gbórí sókè. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wà nínú lẹ́tà yìí, méjìlá, ẹ rọra ṣí i.

Àwo orin náà yóò jáde ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ ní kó bá yín gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Bàbá, àwo orin tí ẹ lè fi ojú gbọ́ nìyí. Mo ń rò yín ní gbogbo ìgbà tí mo ń rán an.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi aṣọ Màmá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó má lọ sọnù. Mo ti gba ìsinmi fún oṣù Kẹsàn-án, mo fẹ́ gbé e wá fúnra mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje ti ọdún yìí kọjá láìsí i.

Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà

Mo ti wò ó.

Onígbàjámọ̀ pa iṣẹ́ tì, àwọn mẹ́rin tó wá gẹrun jókòó tì mí. Inú mi ń dùn láti yàrá kìíní títí dé ìkọkànlá. Ohun gbogbo yé mi. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn kejìlá, mo rí aṣọ náà lórí ìṣó lójú fèrèsé, bí mo ṣe máa ń gbé e kọ́ gan-an. Mo na ọwọ́ sí i, mo fẹ́ sọ fún wọn pé èmi ni mo rán an. Mi ò tíì la ẹnu tán tó fi ṣáná sí i.

Mo rí kọ́là tó ń dúdú. Mo rí àpò òsì. Mo rí apá tó wọ́ léjìká, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè rán àṣìṣe yẹn àfi èmi. O kò lè sọ fún mi pé kì í ṣe òun. Ohun tó wà nínú ìwé tí o tọwọ́ bọ̀ nìyẹn. Ìdí tí o fi ní kí ọjọ́ kẹsàn-án kọjá láìsí i nìyẹn.

Aṣọ kan ṣoṣo ló kù mí kù lára ìyá rẹ. O fi dáná fún aráyé wò.

Mo ti yọ ìṣó tí mo fi ń gbé e kọ́. Má wá ní oṣù Kẹsàn-án.

Aránṣọ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ ti wò ó? Mo ń retí lẹ́tà yín, gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá kọjá ni mò ń yọjú. Níbi tí mò ń gbé, gbogbo ẹnu ló ń sọ nípa orin kejìlá. Ṣùgbọ́n ẹnu aránṣọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́.

Ṣé ẹ rí apá òsì tí mo rán? Ṣé ó jọ tiyín? Ẹ sọ ibi tí mo ti ṣe é tì fún mi. Ẹ má ṣàánú mi.

Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Bí lẹ́tà tí mo kọ lóṣù tó kọjá kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ṣí i, fà á ya. Bó bá ti dé, ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àná ni ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ṣí fèrèsé láàárọ̀, mi ò ní ohun tí màá gbé kọ́ síbẹ̀. Mo jókòó, mi ò lè ránṣọ. Ni mo bá kọjá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo ní kó bá mi fi orin kejìlá sí i. Mo ní bí aṣọ náà bá ti lọ, kí n kúkú rí i níbi tó ti wà kẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi tí aṣọ ń mì lójú fèrèsé, kí iná tó dé, mo ní kó dá a dúró. Mo bọ́ jígí ojú mi, mo nù ún, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà títí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ gbọnrangandan. Òwú búlúù ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí òwú dúdú kankan níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ní kó tún un fi sí i. Oníbàárà kan tó ń fá irùngbọ̀n bínú lọ pẹ̀lú irùngbọ̀n apá kan. Onígbàjámọ̀ kò bá mi jà, ó rí i pé mò ń sunkún.

Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo wo kọ́là, mo wo àpò, mo wo apá. Gbogbo ibi tí èmi rán ni mo wò. Mi ò wo ibi tí ìwọ rán.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje

Bàbá,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín dé lánàá, èyí tí ẹ fi Aránṣọ parí. Inú yàrá ìránṣọ ni mo ti kà á, mo ní láti jáde.

Èyí tó jóná kì í ṣe aṣọ Màmá. Èyí tí mo rán ni. Aṣọ Màmá wà nínú àpótí mi, bí ẹ ṣe dì í ni mo ṣe dì í. Mo ti mọ̀ láti oṣù Kẹta pé wọn yóò sun èyí tí mo bá rán, òun ni ohun tí wọ́n ní ká má sọ. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ìwé kan kò tó ohun tí mo lè fi pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò bi mí. Ẹ ti dájọ́ kí n tó dé ilé ẹjọ́.

Àdàbà bẹ̀ mí kí n fi òwú dúdú sí ìṣẹ́tí èyí tí mo rán. Ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ràn jù lára aṣọ náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ̀ fún un nìyẹn. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ti fíìmù, àárín èmi àti ìyá mi ló wà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Bàbá. Ẹ ò yin iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ rí i tí ẹ kò lè yà á sọ́tọ̀ sí tiyín, ẹ fi lé mi kúrò nílé.

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ń rìnrìn àjò lọ sápá ọ̀dọ̀ yín ní ìparí oṣù yìí. Yóò gbé aṣọ náà fún yín lọ́wọ́. Èmi kò ní wá. Ẹ ní kí n má wá, mo sì ti gbọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Abẹ́rẹ́ mi,

Obìnrin náà dé lánàá. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò gbọ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo wo bí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe jókòó sí i lọ́rùn, mo sì mọ̀ pé ìwọ lo rán an. Mo tọ́ka sí i, mo sọ orúkọ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òótọ́ lo sọ. Mi ò yìn ọ́ rí. Ọ̀gá tèmi kò yìn mí, mo sì rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ nìyẹn. Ìyá rẹ ti sọ fún mi títí pé ẹnu mi há sí ibi tó yẹ kó là. Jẹ́ kí n là á báyìí. Ọmọṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló ti jáde lábẹ́ mi, kò sí èyí tó rán aṣọ tí mo ṣì mú fún tèmi. Ìwọ nìkan ni. Ó dára, Abẹ́rẹ́. Ó dára ju tèmi lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni mo fi ṣàṣìṣe yẹn. Ìwọ mọ̀ọ́mọ̀ rán an, ọwọ́ rẹ kò sì gbọ̀n.

Mo ti wo gbogbo àwo orin náà báyìí, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Òótọ́ ni, mo fi ojú gbọ́ ọ. Bá mi sọ fún Àdàbà pé bàbá arúgbó kan rí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Mo ti kan ìṣó padà. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kò ṣe aṣọ náà dáadáa. Òwú dúdú ìdí ìṣẹ́tí ti já níbi méjì, ibẹ̀ sì ti ń ṣí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni fún mi. Mo ra òwú dúdú, mo ki í bọ abẹ́rẹ́, mo gbé e sórí tábìlì ìgéṣọ. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án. Bí ibẹ̀ bá máa ya títí dé àpò, kó ya.

Mo ní kí o má wá. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Wá ní oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà yín méjèèjì ti dé, èyí àkọ́kọ́ pẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ti kà wọ́n fún gbogbo yàrá ìránṣọ, àfi ibi tí ẹ ti yìn mí. Ìyẹn ni mo fi pamọ́.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ni màá dé. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú mi kò dá ṣáṣá bíi ti ọmọ ọdún méje mọ́, nítorí náà ẹ gbé tábìlì súnmọ́ fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí òwú náà gùn.

Abẹ́rẹ́ yín